Àwọ̀n Tó Ya

Kí n tó fi ayùn kan pákó kankan,
mo kọ́kọ́ kúnlẹ̀.
Mo wọn ibi tí ojú ọmọ ọdún mẹ́fà dé lára ògiri,
mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbẹ̀.
Mo ní: ìsàlẹ̀ ibí ni ilé yìí ti bẹ̀rẹ̀.
Ohun tó bá wà lókè ìlà, ti àwọn bàbá wọn ni.

Ilé tí wọ́n ti ń ta yìnyín ni tẹ́lẹ̀, létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́;
òórùn ẹja ṣì wà nínú símẹ́ǹtì rẹ̀.
Ìgbìmọ̀ ní kí n fi ọ̀dà pa á.
Mo ní ẹ jẹ́ kó máa rùn,
imú náà ń kàwé.

Mo gé ògbólógbòó ọkọ̀ ojú omi kan sí méjì
kí ọmọ mẹ́rin lè máa wà á lórí ilẹ̀ gbígbẹ.
Mo gbẹ́ àrọ̀, mo gbẹ́ ẹpìyà, mo gbẹ́ ọ̀bọ̀kún,
mo di òkúta sí wọn nínú
kí ọwọ́ lè mọ̀ pé ẹja kì í ṣe àwòrán.
Ìgèrè tí mo hun, ẹnu rẹ̀ ń gba apá ọmọdé wọlé,
kì í tètè jẹ́ kó jáde:
ẹni tó bá pariwo níbẹ̀ ti mọ ohun tí ẹja mọ̀.

Èkó fi tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ kan ránṣẹ́, èyí tí à ń fi ìka tẹ̀.
Iná lọ lọ́jọ́ kejì.
Àwọn ọmọ ń wo ojú ara wọn nínú dúdú rẹ̀,
wọ́n ń yọ ahọ́n síra wọn.
Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fi gíláàsì bò:
àwọ̀n Olóògbé Sùnmọ́nù,
tí Àlàájà Sìkírátù, ìyàwó rẹ̀, fi àpò ìrẹsì gbé wá.
"Ọwọ́ rẹ̀ ló ta gbogbo kókó yẹn."
Mo kọ ọ́ gàdàgbà: MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN.
Èmi tí mo kúnlẹ̀ wọn ilé,
mo dìde dúró kí n tó kọ ìyẹn.

Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn ọmọ kíláàsì kejì dé láti Pópó-Ọba.
Mùnírátù, tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká,
rí àlàfo níbi tí gíláàsì ò ti bá igi dọ́gba
(iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn),
ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.
Bọ́tìnnì kọ́ àwọ̀n. Ó fà á.
Mo gbọ́ ọ, fààà,
bí ìgbà tí ènìyàn ń ya aṣọ òkú.

Ṣé kí n parọ́ ni? Mo jágbe mọ́ ọn.
Ó sunkún títí òsúkè fi mú un.

Lọ́sàn-án, mo dọ̀bálẹ̀ fún Àlàájà lórí símẹ́ǹtì gbígbóná.
Kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀.
"Ihò náà tóbi tó kí ni?"
"Ó tó orí ọmọ."
Ó rẹ́rìn-ín.
"Akàn ń dá irú ẹ̀ sí i lọ́dọọdún.
Àwọ̀n tí kò ya rí, kò tíì lọ síbi iṣẹ́ ni."

Ó tẹ̀lé mi, òwú lọ́rùn ọwọ́, abẹ́rẹ́ onígi nínú ìró.
Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì,
ó pe ọmọ tó fà á ya,
ó fi àtàǹpàkò tirẹ̀ lé tọmọ náà lórí:
Gbà á lábẹ́. Yí i ká. Fún un. Má ṣàánú ẹ̀.
Kókó kìíní rí játijàti.
Èkejì tú.
Ẹ̀kẹta dúró.

Gíláàsì yẹn ti di fèrèsé ilé adìyẹ mi.
Ní báyìí, lálẹ́ Ọjọ́rú, tí ilé bá ti dá,
mo máa ń mú ọ̀bẹ, mo máa ń dá ihò tuntun sára àwọ̀n
de àwọn ọmọ ọ̀la.
Àlàájà nìkan ló mọ̀. Òun ló ń ra òwú.

Lọ́jọ́ kan mo bi í pé, èwo ló kù tó jẹ́ kókó Sùnmọ́nù?
Ó fi ìka wá a, ó wá a pẹ́,
ó dúró.
Ó ní, aago mélòó ni àwọn ọmọ ń bọ̀?