Tòkunbọ̀

Má fojú ra ẹ̀rọ sinimá.
Ohun tí mo kọ́kọ́ wí fún Sunnvá nìyẹn
nígbà tó forí wọ ahéré ọkọ̀ mi ní Klaksvík,
tí ìkùukùu tẹ̀ lé e wọlé bí ajá.
Ẹ̀rọ mẹ́ta ló wà lórí tábìlì.
Ojú rẹ̀ lọ tààrà sára èyí tó funfun báláú,
tó ní bọ́tìnnì pupa mẹ́rin.

Erékùṣù la wà. Gbogbo ohun tí a ní, tòkunbọ̀ ni:
àlùbọ́sà, Bíbélì, dókítà.
Àgùntàn ń jẹ koríko lórí òrùlé,
iyọ̀ òkun ń jẹ irin lábẹ́ rẹ̀.
Nítorí náà, mo ní, fi imú ṣíwájú ojú.
Èyí tó bá ń rùn bíi rọ́bà jíjóná,
mọ́tò rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ kọjá agbára.
Fi ìka yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kí o tó tanná sí i;
bẹ́líìtì tó ti yọ́ á lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́ bí oyin.
Gba tọ́ọ̀ṣì, yọjú wo inú awò:
bí o bá rí ohun tó bu bíi búrẹ́dì ọ̀sẹ̀ mẹ́ta,
dá a padà fún ẹni tó ń tà á,
ìbáà jẹ́ èmi.

Ó ní, "Hanus, ṣé ò ń tajà ni, àbí ò ń lé mi?"

Mo ní, fíìmù wo lo ní?
"Ti bàbá mi. Mílímítà mẹ́jọ."
Ha! Mẹ́jọ méjì ló wà,
ìbejì tí kì í wọ bàtà kan náà.
Ihò etí ti àtijọ́ tóbi, ti tuntun tín-ín-rín;
eyín ẹ̀rọ tó bá ṣi ihò mú, á ya á jálẹ̀.
Lọ wò ó wá.

Lọ́jọ́ kejì ó gbé e dé nínú àpò ìwé ọrẹ ìjọ,
òpin fíìmù tó gé, kò gùn ju ìka lọ.
Ihò rẹ̀ tóbi.
Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ funfun parí síbẹ̀.

Ó ku méjì. Èyí àwọ̀ ilẹ̀ fúyẹ́, ó dára,
ṣùgbọ́n gílóòbù rẹ̀ ti tán láyé:
ọjọ́ tó bá kú, ó di òkúta ìdènà ilẹ̀kùn.
Èkejì rí bí eérú, ó wúwo bí àpótí ẹja,
okùn àwọ̀n ni wọ́n fi di ọwọ́ rẹ̀.
Mo ki fíìmù ìpolówó ọṣẹ kan sí i lẹ́nu.
Tàkà-tàkà-tàkà. Kò ha nǹkan kan.
"Irin kékeré yìí ńkọ́?"
Ó ń dá àwòrán padà sẹ́yìn, mo ní.
Ó dákẹ́.
Kò tilẹ̀ ná an.

Èmi ni mo bá a gbé e délé.
Aṣọ ibùsùn lára ògiri, Billa ìyá rẹ̀ nínú àga.
Ìyá ló ya fíìmù náà; gbogbo rẹ̀ ń gbọ̀n.
Èbúté wa ni. Ọkọ̀ tí à kì í dárúkọ mọ́
ń lọ sí Girinlandi fún ẹja.
Bàbá gbé àpò, ó gun pákó, ó juwọ́.
Ọkọ̀ kéré, ó kéré sí i, ìkùukùu gbé e mì.

Sunnvá tẹ irin kékeré náà.

Ìkùukùu la ẹnu. Ọkọ̀ fìdí rìn jáde,
omi ń pa ojú ọgbẹ́ rẹ̀ dé.
Bàbá kó ọwọ́ tó jù sínú afẹ́fẹ́ padà,
ó fẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ lórí pákó,
ó dúró síwájú wa, ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń yà á.

Billa ní, "Dá a dúró síbẹ̀."
Mo kígbe: rárá o! Bó bá dúró, iná á jó o!

Ni a bá ń tẹ̀ ẹ́ síwájú, tí a ń tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn,
títí iná èbúté gidi fi kú lójú fèrèsé.
Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.
Bẹ́líìtì ni èmi ń wò.