Awọ Tuntun fún Sítíárìn

Ọyẹ́ ti gbé òkè pamọ́ ní Kabba
nígbà tí mo wa Pijó bàbá mi dé ìsọ̀ Ọbájẹmu,
aránbàtà ẹ̀yìn gáréèjì.
"Okun o," ó ní, kò gbójú sókè.
Ó na ọwọ́ wọlé láti ojú fèrèsé,
ó ń fọwọ́ pa sítíárìn kiri
bí ẹni ń wá eéwo lórí ọmọ.

"Ta ló ń wa èyí?"
"Bàbá mi. Tíṣà ni, kó tó kú.
Ọdún mọ́kànlélógún, Kabba sí Mopa, Mopa sí Kabba."
"Ọwọ́ òsì ló fi ń wà á."
Mi ò sọ fún un. Awọ ló sọ.

Lápá òsì, níbi tí aago ti ń kọ mẹ́wàá,
awọ ti jẹ dé irin:
ojú kan bí ẹyọ kọ́bọ̀, ó ń dán,
àtàǹpàkò kan ṣoṣo ló gbẹ́ ẹ.
Lápá ọ̀tún, ó kù díẹ̀ kó jẹ́ tuntun.
Ọwọ́ ọ̀tún bàbá mi kì í gbé ibẹ̀.
Ó ń bẹ lórí jíà,
tàbí lórí orúnkún ìyá mi,
tó bá rò pé a ti sùn lẹ́yìn.

Ọbájẹmu fi abẹ já okùn àtijọ́,
tà, tà, bí èèpo erèé tó ń là lóòrùn.
Awọ náà ká jọ sórí àpótí, kò fẹ́ tẹ́.
Mo ní, "Ẹ fi wọn tuntun."
Ó rẹ́rìn-ín. "Èyí ti fẹ̀ sí ọwọ́ ẹni tó ni ín.
Bí mo bá fi wọ̀n ọ́n, á máa yí lọ́wọ́ rẹ
bí ṣòkòtò ẹni ẹlẹ́ni.
Màá yọ ìbú ìka kan kúrò.
Awọ tuntun ní láti há."

Ó fi kẹrosíìnì nu gọ́ọ̀mù ogún ọdún.
Awọ ewúrẹ́ ti wà nínú omi láti àárọ̀,
awọ Kánò, ó rọ̀ bí etí.
Ó fi ìda oyin pa okùn.
Abẹ́rẹ́ méjì ń pàdé, wọ́n ń kọjá lára wọn
bí ọkọ̀ Ìlọrin àti ọkọ̀ Lọ́kọ́ja lórí títì tóóró,
ó ń fà á, ó ń fi eyín dì í mú,
ó ń bú ìjọba lórí owó epo.

"Tíṣà wo ní Mopa?" ó bi mí lójijì.
Mo dárúkọ.
Abẹ́rẹ́ dúró.
"Ó nà mí rí. Lórí ìsọdipúpọ̀ mẹ́jọ."
Ó la àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó.
"Ọwọ́ òsì náà ló fi nà mí."
Ó yọ ẹgbẹ̀rún kan nínú owó rẹ̀, kò ṣàlàyé.

"Má wà á lónìí. Má jẹ́ kí oòrùn rí i.
Atẹ́gùn ni kó gbẹ ẹ́."
Nígbà tí mo padà láàárọ̀ ọjọ́ kejì
mo béèrè awọ àtijọ́.
Ó ti gé e, ó ti fi lẹ ìdí sálúbàtà ọmọ rẹ̀.
"Apá ọ̀tún ni mo lò," ó ní,
"ibi tí kò gbó."
Ọmọ náà ń sáré kiri nínú eruku.

Ìyá mi jókòó síwájú, síbi tó máa ń jókòó.
"Ó ń rùn bí òbúkọ."
Ó na ọwọ́ kọjá iwájú mi,
àtàǹpàkò rẹ̀ rìn yí sítíárìn ká lẹ́ẹ̀mejì,
ó ń wá nǹkan.
"Ó dán jù," ó ní.
Ó kó ọwọ́ rẹ̀ padà sórí orúnkún,
ó fi í síbẹ̀.
"Wà á, jàre. Ká dé Ìyàrá kí oòrùn tó mú."

Mo di sítíárìn mú.
Ó há.