Òtútù Ló Mú Un

Lẹ́yìn Saskatoon, lórí pápá tí yìnyín bò dé ibi tí ojú mọ,
ọgbọ̀n nísàlẹ̀ òdo ni òwúrọ̀ yẹn.
Orysia di orí téèpù irin mú, èmi di ìdí rẹ̀,
a fà á le láti èèkàn dé èèkàn.
Mo ké sí i: "Ọgbọ̀n mítà géérégé!"
Ó nu imú rẹ̀ tó ti ń dì.
"Ohun tí téèpù wí nìyẹn. Kọ ọ́ sílẹ̀.
Wá béèrè bí ara rẹ̀ ṣe rí."

Yàrá tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ni wọ́n ti fín àmì sí i lára,
ogún lókè òdo, níbi tí ẹnìkan ti ń mu tíì.
Níbí, irin ti súnkì.
Mílímítà mẹ́tàdínlógún ti sá wọ inú ara rẹ̀,
ojú ò rí i, ìṣirò nìkan ló mọ̀.
Kì í ṣe pé ó ń purọ́. Òtútù ló mú un.

A yọ mẹ́tàdínlógún kúrò.
Bí a ò yọ ọ́, tí a sì nà án lógójì ìgbà,
àṣìṣe náà á fẹ̀ tó ẹnu ọ̀nà,
ẹnìkan á sì gba ibẹ̀ wọ ilẹ̀ onílẹ̀.

Mo rántí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ní Ìkirè,
téèpù ọrùn rẹ̀ tí ọdún méjìlélógún ti fà gùn,
tó máa ń jí ìdajì ínṣì nínú ikùn Alàgbà Fátókun.
Bàbá á wọ̀n ọ́n tán, á dá a padà fún un
kó tó gbé sísọ́ọ̀sì.
"Ẹ ò ṣe ra tuntun?" Ọmọdé ni mí nígbà yẹn.
Ó ní: "Èyí, mo mọ bó ṣe ń ṣì.
Tuntun ńkọ́? Ta ló mọ tirẹ̀?"

Bírò ti dì láti aago mẹ́jọ. Pẹ́ńsùlù ló kù.
Mo kọ ohun tí mo rí sápá òsì,
mo kọ ohun tí mo yọ sápá ọ̀tún,
n ò pa ti àkọ́kọ́ rẹ́.

Lálẹ́, Bàbá pè láti ilé. "Ṣé ara le?"
Mo ní ara le, mo ní òtútù ò pọ̀.
Ó dákẹ́. Mo mọ̀ pé ó ń ṣírò.
"Kí lo jẹ?" ló wá bi mí.