Làyábè

Ṣọ́ọ̀bù mi ní Ṣàpọ́n kò fẹ̀ ju ẹní méjì lọ.
Kásẹ́ẹ̀tì tó bá lọ́, èmi ni mo ń fi bírò yí i padà,
èmi ni mo ń lẹ téèpù tó já pọ̀.
Nítorí náà mo mọ ìbẹ̀rẹ̀ wọn.
Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá wo ìka mi.

Ọdún tí ọkọ̀ ojúirin kò dé Láfẹ́ńwá fún oṣù mẹ́ta,
Ìbídùn Ṣóyọ̀mbọ̀ mú kásẹ́ẹ̀tì kan wá.
Sísítà kan, ará Sípéènì, ló fi í sílẹ̀ ní Lántòrò
nígbà tó ń lọ sílé:
obìnrin kan, ọkùnrin kan, dùùrù oníná.
Ohùn obìnrin náà tutù bí omi àmù,
ti ọkùnrin ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn
bí ẹni tó ń wá bàtà ẹsẹ̀ kan.
Gbénró, tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi,
gbé irin gbígbóná sílẹ̀ lórí tábìlì
(àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ dòní)
ó sì gba ohùn ọkùnrin náà mọ́ ọn lẹ́nu.

Báyìí ni wọ́n ṣe di méjì.

Wọn kò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀.
Ọ̀rọ̀ kan ṣáá ni etí wọn mú, làyábè,
wọ́n sì fi í sáàárín orin Yorùbá tiwọn
bí ẹni fi iyọ̀ òkèèrè sọ́bẹ̀ ilé.
Ìjẹ̀mọ̀ gbọ́, Ìtòkò gbọ́,
àwọn ọmọ ilé-ìwé ń kọ ọ́ sára ògiri.
Àwọn kan ní orúkọ ọlọ́mọge ni,
àwọn kan ní bí wọ́n ṣe ń pe ìfẹ́ lókè òkun nìyẹn.
Pásítọ̀ kan ní èpè ni.
"Làyábè ń kọjá lọ," ni wọ́n ń wí
bí àwọn méjèèjì bá ń sọ̀kalẹ̀ láti Òkè-Ìlewó.

Ọ̀gá alárẹ́kọ́ọ̀dù kan wá láti Ebúté-Mẹ́ta,
ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà mi bí ẹni ń wọ mọ́sáláásí,
ó ka owó.
Àwòrán wọn jáde lára awo:
kọ́là ẹ̀wù Gbénró fẹ̀ bí etí erin,
Ìbídùn ń wo ẹ̀gbẹ́.
Mo rí i nígbà náà. N kò sọ.

Awo kejì kò tà tó àkọ́kọ́.
Ẹ̀kẹta, ọ̀gá ní kí orúkọ Gbénró ṣáájú.
Ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀.
Ìjà orúkọ, ìjà owó,
ìjà ìyàwó tí Gbénró fẹ́ ní Ìlaròó láìwí fẹ́nì kan,
gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ẹ̀ẹ̀rùn kan lọ.
Lálẹ́ tí wọ́n pínyà, èrò ti kún gbọ̀ngàn Kútọ̀,
Gbénró sì dá kọ ohùn méjèèjì.
Ó dà bí ilé tí wọ́n yọ ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ.

Páìpù omi ni Gbénró ń tà ní Adìgbẹ báyìí. Ó sanra.
Bí rédíò bá gbé wọn sáfẹ́fẹ́, á ní kí wọ́n yí i.
Ìbídùn wà ní Sípéènì, ó ń ká èso
lábẹ́ ọ̀rá funfun tó lọ títí dé etí òkun.
Ó pè mí láàárọ̀ Sátidé kan, mo ń mu ẹ̀kọ lọ́wọ́.
"Bọ̀ọ̀dá Ṣótúndé, mo ti mọ̀ ọ́n."
Kí lo mọ̀?
"Ọ̀gá oko ti wa mọ́ta, ó ń tú àpò kiri,
ó ń pariwo làyábè, làyábè.
Kọ́kọ́rọ́ ni, Bọ̀ọ̀dá. Kọ́kọ́rọ́ lásán."
Ó rẹ́rìn-ín títí owó fi tán lórí fóònù rẹ̀.

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Adìgbẹ lẹ́ẹ̀mejì.
Lẹ́ẹ̀kínní, oníbàárà kún ibẹ̀.
Lẹ́ẹ̀kejì, Gbénró ń ti ìsọ̀,
ó ń fi iná fóònù wá èyí tó bá àgádágodo mu,
ó ń kùn, kò mọ̀ pé òun ń kùn,
ohùn ọkùnrin náà, ti ẹ̀yìn,
ó sì ń dákẹ́ níbi tó yẹ kí obìnrin wọlé.
Mo dúró ní òdìkejì títì.
Mo ní, Gbénró, o kú ìrọ̀lẹ́.