Onímú Kúkúrú

Èmi ni mo ń nu gíláàsì ní ṣọ́ọ̀bù ìdógò Delmer,
níbi tí odò ti yí ẹsẹ̀ àwọn òkè Kentucky po.
Mo mọ ẹni tó wá wòran, mo mọ ẹni tó wá rajà.
Wilda Tackett kò wá wòran.
Aago méje òwúrọ̀, aṣọ iṣẹ́ òru ṣì wà lọ́rùn rẹ̀,
òórùn ọṣẹ ilé ìtọ́jú arúgbó tẹ̀ lé e wọlé.
Ó ní, "Èyí tó kéré jù. Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù."

Delmer to mẹ́ta sórí aṣọ pupa.
Àkọ́kọ́ ń dán bí eyín wúrà:
Wilda gbé e, ó wo iye tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn,
ó dá a padà jẹ́ẹ́, bí ẹni dá ọmọ ọlọ́mọ padà.
Èkejì fúyẹ́ bí páálí.
Delmer ní, "Má jẹ́ kó tàn ẹ́ jẹ o.
Ohun tó fúyẹ́ lápò kì í fúyẹ́ lọ́wọ́.
Bó bá bú, ọrùn ọwọ́ rẹ á gbọ́."
Ẹ̀kẹta,
irin dúdú tó ti ṣí láwọ̀
níbi tí àpò ọlọ́pàá kan ti ha á fún ogún ọdún,
imú rẹ̀ rún wọlé bí imú ajá tó sáré kọlu ògiri,
ihò ọta márùn-ún, èkù igi tó ti sán.
Igba dọ́là ó lé mẹ́wàá.

Wọ́n máa ń ní kúkúrú bí ikú.
Èyí tún kúrú jù ú lọ.

Delmer ní kó fà á lófìfo wò.
Làkúrègbé ti jókòó sí oríkèé ìka rẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́;
ìka kan fà á, irin kò mì.
Ó fi ìka kejì kún un.
Mo gbójú sílẹ̀, mo ń nu ibi tí mo ti nù.
Nígbà tó dún *kọ́*, odidi obìnrin fò sókè,
ó rẹ́rìn-ín, omi lé sí i lójú.
"Èmi tí mò ń nìkan gbé baba arúgbó sórí ibùsùn,
irin kékeré yìí ló wá ń bá mi jìjàkadì."

Kò sọ ẹni tó ń bẹ̀rù.
A kì í béèrè. Ṣùgbọ́n ìlú wa kò tóbi:
mo ti rí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ tí wọ́n fi pákó kàn,
mo sì mọ Lonnie, ọmọ rẹ̀,
tó gbé tẹlifíṣọ̀n kan náà wá dógò lẹ́ẹ̀mejì.

Ogójì dọ́là ló kó jáde, ó ti ká mọ́ra wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.
Delmer kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé,
ó so nọ́ńbà mọ́ ìbọn, ó dá a padà sínú gíláàsì:
ogún dọ́là lọ́sẹ̀, títí yóò fi pé.

Ogún ti di mẹ́wàá báyìí, mẹ́wàá ti di márùn-ún.
Delmer ní ìyá náà ń falẹ̀.
Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá ó sọ fún mi wẹ́lẹ́
pé rísíìtì ni òun ń fi sábẹ́ ìrọ̀rí,
pé oorun ti padà sójú òun.

Láàárọ̀ yìí Lonnie wọlé, tẹlifíṣọ̀n lápá.
Ó dúró lẹ́bàá gíláàsì, ó nàka.
"Èló ni kúkúrú yẹn?"
Mo ní, "Wọ́n ti san owó lé e."