Kọ́kọ́rọ́ Ilé Obì

Ọkùnrin tó jókòó láàárín wọn wo ìwé mi,
ó yí i padà, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo.
"Ṣé o ti ṣe olórí àwọn èèyàn rí?"
Fáànù ń yí lókè bí ẹni tí kò fẹ́ dá sí i.
Mo ní, "Rárá, sà."

Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí ọkàn mi tó dé.
Mo wo èékánná mi:
àwọ̀ obì ṣì wà nídìí rẹ̀.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ ní Ṣàgámù láàárọ̀ yìí,
kò lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jẹ́ n tún un sọ.
Ọdún tí ẹsẹ̀ Ìyá Ṣóbándé wú,
ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ó tó ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀,
ọmọ rẹ̀ mú kọ́kọ́rọ́ ilé obì wá bá mi ní ìdájí.
Kò sọ̀rọ̀ olórí.
Ó ní, 'Màmá ní kí ẹ bá wọn ṣí i.'

Mo ṣí i. Kòkòrò ti wọ agbọ̀n méje.
Obìnrin mọ́kànlá, gbogbo wọn ló jù mí lọ.
Ìyá Adégúnlẹ̀ ní ṣé èmi tí òun wẹ̀ lọ́mọ ọwọ́
ni yóò wá júwe ibi tí òun máa jókòó sí?
N ò fèsì.
Mo fa agbọ̀n tó bàjẹ́ jù sọ́dọ̀ ara mi,
mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á.
Nígbà tó pẹ́, ó wọ́ àpótí rẹ̀ sún mọ́ mi,
ó ń kùn, ó ń ṣà.

Owó ewé gbòdógì tán, mo fi owó àjọ mi rà á.
Àwọn méjì ń jà lórí iye:
mo ní kí ọ̀kan máa kà, kí ọ̀tá rẹ̀ máa kọ ọ́ sílẹ̀.
Ìjà tán. Tàbí ó sinmi.
Lóru ọjọ́ kẹsàn-án, ọkọ̀ Kánò dé láti Sábó,
ẹrù pé.
Ó ku agbọ̀n kan, sà, n ò ní purọ́.
N ò mọ ẹni tó gbé e títí dòní."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín.
Obìnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò rín in.
"Kí ni wọ́n ń pè ọ́ níbẹ̀?"

Mo ronú. Kò sẹ́ni tó pè mí ní nǹkan kan.
Kìkì pé bí wọ́n bá dé
tí ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì,
wọ́n á kọjú sí ọ̀nà Màkún
níbi tí mo máa ń gbà wá.

Ó kọ nǹkan sílẹ̀.
Láti ibi tí mo wà, lẹ́tà rẹ̀ dorí kodò.
Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo rí kà:
agbọ̀n.