Má Nu Ẹnu Rẹ Kí O Tó Gòkè

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni kí o jí.
Mo mọ̀ pé ọkọ̀ ojú irin ti lù ọ́ nílùkulù,
ṣùgbọ́n Táínàn kì í dúró de ẹni tó ń hanrun.
Rọra sọ̀kalẹ̀. Pákó kẹta lórí àtẹ̀gùn máa ń ké,
fò ó, kí o má bàa jí ọmọ ọmọ mi.
Bí o bá dé ìta, oorun á máa pè ọ́, òórùn á máa pè ọ́:
òórùn ni kí o tẹ̀lé, kí oòrùn tó yọ.

Bùn-Hìn ti ń gé ẹran màlúù láti òru,
fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ewé ìwé.
Tútù ló ń tò ó sínú abọ́,
á wá da omi ọbẹ̀ híhó lé e lórí,
pupa rẹ̀ á ṣá kí o tó ka ẹẹ́ta.
Má bèèrè ata, á bínú.
Má sọ pé o ti yó.
Ìyẹn ló ń bí i nínú jù.

Tó bá di aago mẹ́wàá, ẹ̀bá ògiri ni kí o máa rìn,
oòrùn ibí kò mọ àlejò.
Igi pańṣẹ́kẹ́ kan wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́,
oṣù kẹfà la wà, ó ti da pupa borí.
Ṣiù-Líng ń ta èso lábẹ́ rẹ̀.
Á gé tòmátì fún ọ, á fún ọ ní atalẹ̀,
omi ẹ̀wà sóyà, àti ṣúgà, pé kí o fi tọ́ ọ.
Má fajú ro.
Bí o bá wá ń bèèrè abọ́ kejì,
rántí pé èmi kò fi ọ́ rẹ́rìn-ín.

Àwọn ará àríwá ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́,
wọ́n ní a ń bu ṣúgà sí ọbẹ̀, sí ẹja, sí èébú.
Òótọ́ ni.
Ìyá mi bú mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi:
ó dùn mí, ó sì dùn.

Tẹ́ńpìlì ìkóríta: ọ̀tún ni kí o gbà wọlé,
gbẹ́sẹ̀ kọjá ìloro, má tẹ̀ ẹ́.
Kò pọn dandan kí o gbàdúrà.
Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù, àwọn òrìṣà ibẹ̀ náà sì ń jẹun,
wo tábìlì wọn: ọsàn, ọtí, bísíkíìtì.

Ọ̀nà tóóró ẹ̀yìn tẹ́ńpìlì, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.
Má lọ.
Ó dáa, lọ.
Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìdérí fóònù,
ibẹ̀ lọkọ mi ti se ìrẹsì olómi ẹlẹ́ja
fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Ẹja tí egungun rẹ̀ lé ní igba,
ìka ló fi ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.
Egungun kò há ẹnikẹ́ni lọ́fun rí
àfi èmi, lọ́jọ́ tí a sin ín.

Lálẹ́, lọ sí ọjà.
Má tò sí ìlà àwọn tó na fóònù sókè,
ìlà àwọn arúgbó ni kí o dúró sí:
ẹni tí eyín rẹ̀ ku mẹ́ta kì í fi í ṣòfò.

O ń wò mí, kí ló dé tí n kò bá ọ lọ.
Dókítà ló gba ṣíbí lọ́wọ́ mi.
Ó ní gbogbo ṣúgà ìlú yìí ti ṣí wá sínú ẹ̀jẹ̀ mi.
Ewébẹ̀ bíbọ̀ ni mò ń jẹ,
àti ìrẹsì tí ọmọ mi ń wọ̀n bíi wúrà.
Nítorí náà, mo yá ẹsẹ̀ rẹ, mo yá ẹnu rẹ.
Bó ti wù kílẹ̀ ṣú tó, wá sọ fún mi
bóyá Bùn-Hìn ṣì ń bínú.
Má nu ẹnu rẹ kí o tó gòkè.
Pákó kẹta yẹn,
nígbà tí o bá ń bọ̀, tẹ̀ ẹ́ dáadáa.